Àkísà Ni Ẹ̀rí Àgbà: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Òkè Ìdáàṣà Tó Ń Kọ Ìkànnì

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kútọnu wá sí Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, yóò rin nǹkan bí 200 kìlómítà. Òkè 41 ni wọ́n kà mọ́ ìlú náà lọ́wọ́, orúkọ yìí sì ti di oríkì rẹ̀ lẹ́nu onílé àti àlejò. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ńlá ti pín sí méjì: ọ̀kan kọjú sí Ṣábẹ̀ àti Parakou, èkejì yà sí Savalou, Djougou àti Natitingou. Ọjọ́ ti pẹ́ tí oríta yìí ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá lọ wá iṣẹ́. Àwọn kan gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, àwọn kan ru ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà alágbèéká ni àwọn mìíràn gbé pọ̀n sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ: àwọn ọmọ wa lọ́kùnrin lóbìnrin tó ń kọ kóòdù tí ìkànnì ayélujára fi ń ṣiṣẹ́, àwọn tí èdè Faransé ń pè ní développeur web. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Wọ́n lè gbé ìkànnì kékeré kalẹ̀, wọ́n sì ní ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n lè fi hàn. Ìbéèrè tó kù ni pé: nígbà wo ni a óò pè wọ́n ní ọ̀gá, kí ni yóò sì mú wọn débẹ̀?

Èrò tiwa ni pé ìdáhùn wà nínú òwe tí gbogbo wa mọ̀: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú iṣẹ́ yìí, àwọn èdè kóòdù tí a kọ́ ni aṣọ. Àwọn ìṣòro tí a ti là kọjá, tí a sì rí ojútùú wọn, ni àkísà. Aṣọ ṣeé rà lọ́jà. Àkísà ń fẹ́ ọjọ́, ó sì ń fẹ́ ibi tí ọmọdé yóò ti rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó

Ní ọdún 2014 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Andela sílẹ̀ ní Èkó. Iyinoluwa Aboyeji wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀. Ètò wọn yé tọmọdé tàgbà: kí wọ́n ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó ní làákàyè, kí wọ́n máa sanwó fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà kí àwọn ọ̀dọ́ náà jókòó sí Áfíríkà kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ní ọdún 2016, àjọ tí Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ṣíwájú àwọn tó fi mílíọ̀nù 24 dọ́là sínú òwò náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Zuckerberg fúnra rẹ̀ wá sí Èkó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé ọ̀nà ti là.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ kan náà kéde pé òun yóò dá nǹkan bí 400 òṣìṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà. Àwọn tó wà ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ìdí tí wọ́n sọ kò ní àdììtú nínú: ẹni tó ti gbó nínú iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ sì ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà fún wọn lọ. Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ náà ń kú lọ. Ní ọdún 2021, àwọn olùdókòwò tí SoftBank ṣíwájú fún un ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, wọ́n sì díye lé e ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Ọjà ló yan ohun tó fẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ka ìtàn yìí bí ẹni ń ka ìròyìn ọ̀nà jíjìn. Làákàyè kọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ṣe aláìní. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n ti ṣà wọ́n. Ohun tó sọnù ni ẹni tí yóò sanwó fún àkókò tó wà láàárín ìkọ́ṣẹ́ àti ìgbóṣẹ́. Oníbàárà tó wà lókè òkun kì í fẹ́ san owó àkókò yẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì tún le sí i láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, nítorí pé ẹ̀rọ ti ń kọ àwọn ojú-ìwé kékeré tí a máa ń gbé lé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ lè kọ kóòdù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní àkísà ni yóò mọ̀ bóyá kóòdù náà yóò dúró lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀.

Ilé ìkọ́ṣẹ́ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Àwa tí a dàgbà ní ìhà ibí yìí mọ bí a ṣe ń sọ ọmọdé di ọ̀gá. Nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ọmọ tuntun á kọ́kọ́ gbálẹ̀, á ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á lẹ bọ́tìnnì, á lọ aṣọ. Nígbà tó bá yá, wọn á fún un ní aṣọ ọmọ iléèwé láti rán. Sísísọ́ọ̀sì ló máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, pàápàá lórí aṣọ olówó iyebíye, nítorí pé aṣọ tí a bá gé kù kò ṣeé gé padà. Ní òpin gbogbo rẹ̀ ni ayẹyẹ ìyọ̀ǹda, tí a mọ̀ sí libération. Ìjọba Benin náà ka ọ̀nà yìí kún, ó sì ní ìwé-ẹ̀rí CQM fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ parí.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà kò sí lára ohun tí ọ̀gá ń fi ẹnu kọ́ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí oníbàárà mú aṣọ padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ó rí bí ọ̀gá ṣe tú u, bí ó ṣe bẹ̀bẹ̀, bí ó ṣe tún un rán kí ilẹ̀ tó ṣú. Àkísà ọ̀gá ló fi ń kọ́gbọ́n kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ibi tí a ti ń kọ́ kóòdù lónìí ti pọ̀, a kò sì kẹ́gàn wọn. Ní èdè Faransé, OpenClassrooms wà, èyí tí Mathieu Nebra bẹ̀rẹ̀ ní 1999 pẹ̀lú orúkọ Site du Zéro. freeCodeCamp ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2014. Yunifásítì Abomey-Calavi ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, IFRI. Epitech sì ti wà ní Kútọnu lábẹ́ ètò Sèmè City láti 2019. Gbogbo wọn ń fúnni ní aṣọ tó dára. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ láìrí ṣọ́ọ̀bù tí yóò wọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ wá lógún.

Orúkọ mẹ́ta ni àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń lò: junior, confirmé, senior. Ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. A máa ń fún ẹni àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé bí yóò ṣe ṣe é. A máa ń gbé ìṣòro fún ẹni kejì, kí ó lọ wá ọ̀nà rẹ̀. Ẹni kẹta ló ń rí ìṣòro kí oníbàárà tó rí i, òun náà ló sì ń gbé àwọn yòókù dìde. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá lórí iṣẹ́ kan náà tí kò kúrò ní ìpele àlàyé, junior ni ó ṣì jẹ́.

Bí a ṣe ń ní àkísà

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a kọ́ nǹkan kan kí a sì dúró tì í. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ìkànnì mẹ́wàá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ènìyàn ń lò. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọ̀dọ́bìnrin kan tó kọ ìkànnì fún ilé ìtura kan nílùú wa. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn Kátólíìkì ń rọ́ wá láti gbogbo Benin àti láti òkèèrè fún ìrìn-àjò mímọ́ sí ihò àpáta Arìgbó, yàrá a sì wọ́n. Àlejò kan tẹ bọ́tìnnì láti sanwó yàrá lórí MTN MoMo tàbí Moov Money, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ó tún un tẹ̀, owó rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ẹ̀kọ́ lè má dárúkọ ìṣòro yìí rárá. Ọ̀dọ́bìnrin náà yóò wá mọ̀ pé ó yẹ kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń gba ìbéèrè lè mọ̀ pé èyí tó padà wá yìí, òun ti rí i rí, kí ó má sì gba owó lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní kọ ètò ìsanwó kankan láìrántí. Àkísà kan nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kejì ni ìpìlẹ̀. Ní 1989 ni Tim Berners-Lee gbé èrò ayélujára onísopọ̀ kalẹ̀ nílé-iṣẹ́ CERN. JavaScript dé ní 1995. Èdè SQL, tí a fi ń bi àkójọ ìsọfúnni léèrè ọ̀rọ̀, ti ju 40 ọdún lọ. Gbogbo wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn irinṣẹ́ tí a kọ́ lé wọn lórí ló ń yípadà bí àṣà aṣọ ọdún. Ẹni tó mọ bí ojú-ìwé ṣe ń kúrò lórí ẹ̀rọ kan dé orí fóònù ẹlòmíràn yóò kọ́ irinṣẹ́ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó mọ irinṣẹ́ nìkan yóò máa bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àṣà bá yí.

Ohun kẹta ni kíka iṣẹ́ ẹlòmíràn. Linus Torvalds ṣe Git ní 2005 kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jùmọ̀ kọ kóòdù láìpa iṣẹ́ ara wọn run. GitHub ṣí ní 2008, ó sì di ọjà ńlá tí a ti ń rí kóòdù tí àwọn olówó rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Níbẹ̀, ọ̀dọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Ìdáàṣà lè ka bí àwọn ọ̀gá ṣe ń jiyàn lórí ìlà kóòdù kan, kí ó tún àṣìṣe kékeré ṣe, kí àgbà iṣẹ́ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Nàìjíríà, Ada Nduka Oyom dá She Code Africa sílẹ̀ ní 2016 fún àwọn obìnrin. Òun àti Samson Goddy sì dá Open Source Community Africa sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù kò sí, irú ẹgbẹ́ báyìí lè dípò rẹ̀ díẹ̀.

Ohun kẹrin ni kíkọ àlàyé sílẹ̀. Ọ̀gá tó bá lè ṣàlàyé ìdí tí òun fi yan ọ̀nà kan tí òun sì fi kọ èkejì sílẹ̀ ni a ń gbé iṣẹ́ ńlá lé lọ́wọ́. Èdè Faransé ni ohun ìní wa nínú èyí. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kíkà kún un ti sọ ọjà rẹ̀ di méjì.

Iṣẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ìṣòro kan wà tí ọmọ Ìdáàṣà lágbára láti yanjú ju ẹni tó wà ní Paris tàbí Amẹ́ríkà lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ wa ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìwé Yorùbá ti Nàìjíríà, a ó kọ Adébáyọ̀. Nínú ìlànà ìkọ̀wé àwọn èdè ìbílẹ̀ Benin, a ó kọ Adébáyɔ̀. Nínú ìwé ọjọ́ ìbí tí akọ̀wé ìjọba fi Faransé kọ, a lè rí Adebayo. Ènìyàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà rí ẹni mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Unicode ni ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀ pẹ̀lú àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnì kan lè tẹ ọ kí ó fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ ò kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ẹnì kẹta lè tẹ o lásán kí ó fi àmì méjèèjì kún un. Lójú wa, bákan náà ni wọ́n rí. Bí a bá wá orúkọ náà nínú ìwé àkójọ ilé ìwòsàn, kọ̀ǹpútà lè sọ pé kò sí aláìsàn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. JavaScript ti ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ normalize láti 2015, tó ń sọ oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò mọ̀ pé ọ ti Nàìjíríà àti ɔ ti Benin ń dún bákan náà, tàbí pé ṣ àti sh jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹni tó gbọ́ èdè náà ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ọ̀dọ́ tó bá yanjú èyí dáadáa, tó sì kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀, ní ohun tí yóò fi han agbanisíṣẹ́ èyíkéyìí.

Àwọn kan ti fi ọ̀nà hàn wá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá sórí ìkànnì YorubaName, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Bonaventure Dossou, ọmọ Benin, àti Chris Emezue, ọmọ Nàìjíríà, gbé ètò FFR jáde ní 2020, tó ń túmọ̀ èdè Fọ̀n sí Faransé, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìṣòro ilé ni wọ́n mú. Ayé sì gbọ́ orúkọ wọn.

Owó, òfin àti oríta

Àgbà iṣẹ́ kì í fi kóòdù nìkan gbó. Ẹni tó bá ń ṣe ìkànnì tó ń gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn ní Benin gbọ́dọ̀ mọ Code du numérique, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, kí ó sì mọ̀ pé àjọ APDP ló ń bójú tó ìsọfúnni àwọn aráàlú. Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ: ohun tí a óò ṣe, ọjọ́ tí a óò parí rẹ̀, iye owó, àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe lẹ́yìn náà àti iye tí a óò san fún un. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gba owó ìkọ́lé, wọn kì í gba owó àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ni ibi tí àkísà wà. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún òkè òkun, ó dára láti rántí pé owó CFA so mọ́ euro, 655,957 fún euro kan, ṣùgbọ́n dọ́là ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí a bá gbó tán, ọ̀nà a tún pín, bí ó ti pín ní Ìdáàṣà. Àwọn kan yóò máa jinlẹ̀ nínú iṣẹ́ náà títí wọn yóò fi di ẹni tí a ń ké sí bí ohun tó le bá ṣẹlẹ̀. Àwọn kan yóò máa darí ènìyàn. Àwọn mìíràn yóò dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Shola Akinlade, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, ti kọ ètò kan tó ń jẹ́ Precurio ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ó sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Stripe ra Paystack ní 2020 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, ìròyìn owó náà ni gbogbo ènìyàn gbọ́. Àwọn ọdún tó ṣáájú rẹ̀ kì í sí nínú ìròyìn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, kò sì sí èyí tó kéré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Kútọnu, ní Èkó, ní Paris tàbí ní Montréal, ẹ̀yin tí orírun yín jẹ́ òkè wọ̀nyí tàbí Ṣábẹ̀ tàbí Kétu, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Àkàsọ̀ tí a gbé ka iwájú àwọn ọmọ wa ní ìpele àkọ́kọ́, ó sì ní ti òkè. Ìpele kejì ni kò sí. Ẹ mú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ìkànnì bá wó lóru, kí ó rí bí ẹ ṣe ń wá ìdí rẹ̀. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti ka kóòdù rẹ̀ kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún un yóò ṣe é láǹfààní ju ẹ̀bùn kọ̀ǹpútà tuntun lọ.

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, oníléèwé, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kajú àti oníṣòwò ọjà Glazoué, bí ẹ bá ní iṣẹ́ kékeré tí ìkànnì lè ràn lọ́wọ́, ẹ gbé e fún ọmọ yín, kí ẹ sì san owó àtúnṣe fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́ta lórí àṣìṣe kan ṣoṣo lè jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá kí ẹ tó sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Àti ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àpáta kò wọ́n yín ní Ìdáàṣà. Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ènìyàn gidi ń lò, kí ẹ dúró tì í fún ọdún méjì, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ohun tó bàjẹ́ àti bí ẹ ṣe tún un ṣe sínú ìwé kan. Lọ́jọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá béèrè ohun tí ẹ mọ̀, ẹ ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀.